Ẹja Yíyan Tó Di Ẹjọ́

Bàbá mi tó sùn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ,

Ọmọ yín ni. Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí àwọ̀n híhun lẹ kọ́ mi, ẹ kò rán mi lọ sí iléèwé. Mi ò bínú sí yín nítorí rẹ̀ títí di àná.

Bàbátúndé, ọmọkùnrin tí mo bí lẹ́yìn ikú yín, wà ní àtìmọ́lé. Ìjọba fẹ́ lé wa kúrò létí ọ̀sà ní Bàrígà. Òun àti àwọn apẹja mẹ́fà mìíràn kọ̀, ni ọlọ́pàá bá kó wọn, wọ́n sì nà wọ́n nínú àhámọ́. Mo fojú mi rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dà bí ẹja tí wọ́n fi ọ̀bẹ là lára kí wọ́n tó yan án.

Ọkùnrin kan wá láti òkè òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wádìí bí ìjọba ìlú gbogbo ṣe ń lo àwọn ènìyàn wọn. Ìjọba fi ọ̀gá ọlọ́pàá kan tẹ̀ lé e wá. Ó bi mí léèrè nípa ẹ̀yìn ọmọ mi, mo dá a lóhùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dìde, mo wé ẹja yíyan kan sínú ewé, mo fi lé e lọ́wọ́, bí ẹ ti máa ń ṣe. Àlejò kankan kò fọwọ́ òfo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yín rí. Ẹ rántí? Olófòófó pàápàá, èyí tó sanra jù lẹ máa ń ṣà fún un.

Ẹja yẹn ni ìjọba gbá mú. Mo gbọ́ ọ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì ní ìsọ̀ kan ní Fádèyí: wọ́n ní ọkùnrin náà ń ṣe ojúsàájú, pé ó jẹun lọ́wọ́ wa kó tó kọ̀wé, àwọn kò sì ní gba ìwé rẹ̀. Ẹlẹ́ja ẹgbẹ́ mi kan pariwo pé, “Ìyá Túndé, ẹja yín mà lágbára o! Ó ra òyìnbó!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n bá wọn rín in.

Lánàá, ọ̀gá ọlọ́pàá náà gbé ìwé kan wá. Kí n tẹ̀ka sí i pé mo fi ẹja ra ẹnu ọkùnrin yẹn. “Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ọmọ yín máa bọ̀ nílé.” Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, Bàbátúndé á jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ á di irọ́, àwọn mẹ́fà yòókù á sì kú síbẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà ń padà bọ̀ lọ́la.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí òun àti òyìnbó náà wá, ọ̀gá ọlọ́pàá náà gba ẹja lọ́wọ́ mi. Méjì ló gbà, ó tún ní kí n fi ńlá pààrọ̀ èyí tó kéré. Bí ẹja kan bá ra òyìnbó, kí ló dé tí méjì kò ra òun? Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọmọ mi wà. Ta ni kí n sọ fún?

Ibí yìí ni ìyàwó ọmọ mi gbé gègé sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni Bàbátúndé. Kò sọ pé kí n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹun láti àná. Ó tún ti mú gègé. Mo ní kó ka ohun tó kọ fún mi, ó kà á, ẹja méjèèjì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ ló kà, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Ṣé ẹ̀yin ì bá tẹ̀ ẹ́, Bàbá? Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ padà wá nínú ọmọ yìí. A jẹ́ pé ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ nínú àhámọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá á dé lọ́la. Àlejò ni, ẹja sì wà lórí ààrò. Màá fún un ní ẹja. Mi ò ní fún un ní ìka.

Ìka mi nìyí, mo ti rì í bọ tàdáwà. Ìwé yín ni mo tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọmọ yín obìnrin, létí ọ̀sà, Bàrígà.