Ọjọ́ Tí Mo Ki Béárì ní Ọmọ Ìkòyí

Bàbá mi, ọ̀gá oníṣẹ́ fíríìjì Ìkọ̀tún,

Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ o! Ọmọ yín ti di afinimọ̀nà nínú igbó òkè yìnyín tí ìjọba dáàbò bò ní Alásíkà, ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń bu ni jẹ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹran ibẹ̀. Bàbá, ẹ bá rí yìnyín! Kò bìkítà bóyá iná wà àbí kò sí. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ, ó sì ti ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé; òun ló gbẹ́ àfonífojì tí mò ń rìn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rún yìnyín wómúwómú tí ẹ bá ṣínu ààwẹ̀, kí lẹ ò bá wí?

Ìdánwò àṣekágbá ni kí n ròyìn fún yín. Èmi ni mo ṣáájú, ọ̀gá wa obìnrin ń tẹ̀ lé mi, ó ń wò mí. Tí mo bá kùnà, ilé yá nìyẹn. Òfin ibẹ̀ ni pé téèyàn bá pàdé béárì, kò gbọdọ̀ sá. Kó dúró, kó máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Bí a ṣe yà lẹ́bàá odò báyìí, béárì yọ gànnà, ó tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Gbogbo Òyìnbó tí mo ti há sórí fò lọ. Oríkì tí ẹ fi ń jí mi láràárọ̀ ló jáde:

“Àjọkẹ́, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí. Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn.”

Mo ki béárì ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, àfi bíi pé mọ̀lẹ́bí wa ni! Ó tẹ́tí, ó mí kanlẹ̀, ó sì yí padà wọgbó lọ. Ayédèrú ọmọ Ìkòyí ni jàre, òun ló kọ́kọ́ kẹ̀yìn. Èmi ò yẹsẹ̀.

Ọ̀gá mi dì mọ́ mi, ó bi mí léèrè ohun tí mo sọ fún béárì náà. Mo ní bí wọ́n ṣe ń fi oríkì jí ọmọ lójú oorun nílé wa ni. Ọjọ́ náà gan-an ló fún mi ní aṣọ iṣẹ́. Màámi ti fi fọ́tò mi han gbogbo àdúgbò, títí kan àwọn tó sọ pé iṣẹ́ orí òkè kì í ṣe tobìnrin.

Ó dùn mí pé ẹ ò rí i. Àbí ẹ gbọ́? Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sẹ́ni tó kì mí mọ́, mo sì ti gbà pé oríkì náà bá yín lọ. Kò bá yín lọ, Bàbá. Ó pé sí mi lẹ́nu.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ yín, tó fẹ́ràn yín dọ́ba.