Ẹ Yọ Àdírẹ́sì Búrẹ́dì Mi Kúrò Lọ́jà

Bàbá Ìbejì,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tíì yín wà nínú fílásíìkì.

Ọkùnrin kan pe fóònù yín láàárọ̀ yìí nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń hanrun, mo bá gbé e. Gbogbo àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń rà jọ láti tà, àwọn tí lẹ́tà tó dúró fún orílẹ̀-èdè kékeré kan láàárín òkun wà nídìí wọn, tẹ́ ẹ ní gbogbo ayé ń du, kò béèrè ìkankan níbẹ̀. Èyí tí lẹ́tà orílẹ̀-èdè tiwa wà nídìí ẹ̀ ló fẹ́. Ó ní òun náà ń ṣe búrẹ́dì, àti pé táwọn oníbàárà bá ti rí lẹ́tà yẹn, ọkàn wọn máa ń balẹ̀ pé èèyàn wọn ló ń tajà.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Òun ló wà lára gbogbo ọ̀rá búrẹ́dì mi. Ẹ kàn kó o pọ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ sójú ọjà, ẹ ò tiẹ̀ wò ó.

Á pè padà lọ́sàn-án. Ẹ fi tàárín òkun lọ̀ ọ́, bóyá á gbà. Ẹ yọ tèmi kúrò ńbẹ̀ kí n tó dé.

Ẹ má bínú pé mo gbé fóònù yín.

Tẹ́ ẹ bá ń wá àga tẹ́ ẹ máa ń jókòó lé ra àdírẹ́sì, ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́yìn pé títà ni.

Ìyá Ìbejì