Àpótí Ìyàwó Tí Hàtímù Gbé Wálé

Básírà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 1990.

Àbúrò mi Sàbíhà,

Mo kí ọ, mo kí Jásímù ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹ ń rí omi mu? Ọlọ́run ni mo bẹ̀ pé kí lẹ́tà yìí bá yín láàyè. Èmi wà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Láti àárọ̀ tí mo ti ń kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà.

Rédíò wa ò sinmi ariwo. Wọ́n ní ẹ̀yin ará Kùwéètì ń fi ọgbọ́n fa epo wa lábẹ́ ilẹ̀, pé ẹ ń tà á lọ́pọ̀ títí owó rẹ̀ fi já wálẹ̀. Irọ́ ni o, òótọ́ ni o, èmi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ogun ọdún mẹ́jọ tó pa ọkọ mi ti gbọn àpò ìjọba gbẹ, ojú wọn sì wọ kànga epo yín. Wọ́n wá ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ọmọ ìyá wo ló ń gbé ọkọ̀ ogun lọ kí ọmọ ìyá rẹ̀? Àwa tá à ń tò fún búrẹ́dì níbí, ta ló fojú kan owó epo rí nínú wa?

Hàtímù ọmọ mi wà lára àwọn ológun tí wọ́n kó wọ ìlú yín. Lọ́jọ́ Àìkú ló dé fún ìsinmi, ó fi ọkọ̀ akẹ́rù àwọn ológun gbé àpótí ńlá kan wá. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀. "Màmá, ẹ wò ó! Ẹ ò ní kó aṣọ sínú páálí mọ́." Mo bi í pé níbo ló ti rí i. "Ilé olówó kan ni. Wọ́n ti sá lọ. Tí mi ò bá gbé e, ẹlòmíì á gbé e."

Sàbíhà, mi ò tíì dé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣé o rántí? Ìgbéyàwó rẹ ku ọ̀la, ìṣó idẹ tán lọ́wọ́ bàbá wa tó ń kan àpótí náà fún ọ, ló bá fi ìṣó ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta parí ìdérí rẹ̀, tí o ń sunkún pé ìdílé ọkọ á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìṣó mẹ́ta yẹn ni mo fọwọ́ kàn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ilé yín àtijọ́ létí òkun nìkan ni Hàtímù mọ̀, kò dé ilé tuntun yín rí. Àmọ́ ṣé torí pé èèyàn ò mọ onílé ló fi yẹ kó jalè?

Mo ní kó ṣí i fúnra rẹ̀. Lábẹ́ àwọn aṣọ rẹ, ó fa ẹ̀wù ọmọ ìkókó kan yọ, tí mo fi òwú pupa rán ọrùn rẹ̀. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ta lèyí, tó kéré bí ọmọ ológbò?" Mo ní, "Ìwọ ni."

Mo sọ fún un bí ibà ṣe dá mi dùbúlẹ̀, tí o fi fún un lọ́mú pẹ̀lú ọmọ tìrẹ fún oṣù mẹ́fà. Ó mọ òfin wa: ẹni tó fún ọ lọ́mú, ìyá rẹ ni, àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ ni wọ́n. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ìkòkò tíì ṣì wà lórí iná nígbà tá a wọlé." Ìkòkò tíì yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ṣé ẹ̀yìn ilé lẹ gbà jáde? Ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀?

Lọ́la ni Hàtímù ń padà. Mo ti ní kó gbé àpótí náà padà síbi tó ti gbé e, kó sì fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ bí ẹ bá ti padà sílé. Sàbíhà, ẹni tó dúró níwájú rẹ yìí ni olè náà. Ọmọ wa ni. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́, àmọ́ ojú ń tì mí. Bó o bá fẹ́, ṣílẹ̀kùn fún un. Bó ò bá fẹ́, mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé.

Kí Ọlọ́run dá ọ padà sídìí ààrò rẹ. Kí ó má jẹ́ ká fojú sunkún ọmọ. Kí ó jẹ́ kí èmi àti ìwọ tún jọ mu tíì kan náà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò yé wo ẹnu ọ̀nà,
Nàjíbà.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Hàtímù ń fọ ẹ̀wù ọmọ ìkókó náà lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé báyìí, kò jẹ́ kí n bá a fọ̀ ọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun pa iná ìdí ìkòkò tíì náà kí àwọn tó jáde, kí ilé má baà jóná.