Àmì Ìka Ìyá Nínú Igbá Òrí Mi

Agbo-ilé Àpọ́nlé,
Ṣakí.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1982.

Kíkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara gbogbo yín le? Ṣé ọjà ń tà ní Ìbàdàn? Bí ọyẹ́ ọ̀hún bá rí bíi ti ibí, ètè gbogbo yín á ti là tán. Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ yín níwájú, á máa ṣọ́ yín lẹ́yìn. Àwa náà wà láàyè níbí, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ sí ọ pé àlàáfíà pátápátá la wà, torí irọ́ ti sú mi.

Dẹ́rẹ́bà fún mi ní lẹ́tà rẹ. O bi mí bóyá ìpara tí o fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí ara mi pọ́n. O tún ní ṣé kí o di páálí ìpara náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí òwò wa lè bẹ̀rẹ̀. O tilẹ̀ ti sọ àdàlù ìpara àti òrí wa lórúkọ, Àdìkẹ́, ìdajì orúkọ mi, ìdajì tìrẹ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti lẹ́tà náà tí mo sunkún. Jọ̀ọ́, má tíì di páálí kankan. Ka èyí tán ná.

O mọ̀ pé dúdú ara mi kì í dà mí láàmú. Nígbà tí a jọ ń kọ́ ìránṣọ ní Ìsẹ́yìn, èmi ni mo máa ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o ń sá fún oòrùn. Kàlẹ́ńdà ló kó bá mi. Bàbá Àmúdà, ọkọ mi, gbà á níbi tí wọ́n ti lọ ra táyà ọkọ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Obìnrin pupa kan ló wà lára rẹ̀, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láràárọ̀ ni Bàbá Àmúdà máa ń kí i kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó mi pupa.” Eré ni. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ yàrá, màá gbé dígí.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìpara rẹ dé. O kọ̀wé pé ìgbàlódé ni, pé àwọn òyìnbó ti rí oògùn kan tó ń dá dúdú ara dúró láti inú wá, kì í ṣe bí ọṣẹ àtijọ́ tó kàn ń họ awọ. O ní ó le, kí n fi òrí là á. Èwo ló tún ṣòro nínú ìyẹn, èmi tí mo ń gbé ilé tí wọ́n ti ń ṣe òrí? Mo bu èyí tó dára jù nínú ti Ìyá, ìyá ọkọ mi, mo gbé e sí oòrùn kó rọ̀, mo fún ìpara sí i, mo rò ó títí tó fi di ọ̀kan. Kíkẹ́, kí n má purọ́, ó wù mí. Ó funfun, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, kò rùn bí òrí rárá. Mo rí ṣọ́ọ̀bù wa lójú mi, mo rí orúkọ wa lára ìgò kéékèèké. Mo dà á sínú igbá kékeré kan, mo dé e, mo gbé e sẹ́yìn àpótí aṣọ mi kí ọkọ mi má baà rí i. Ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lóòótọ́.

O kò gbé irú ilé yìí rí, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ní agbo-ilé wa, òrí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí tìrẹ bá tán, wọ yàrá ẹni tó bá wù ọ́, fi ìka họ nínú tirẹ̀, kí o máa lọ. Ẹnìkan kì í tọrọ ọ, ẹnìkan kì í sì í bínú sí i. A ń fi í se ọbẹ̀, a ń fi í pa gìgísẹ̀ tó là, a ń fi í sí ihò imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá dí. Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi, síbẹ̀ inú igbá òrí náà ni mo fi ìpara sí.

Ìyá ló máa ń wẹ Àmúdà ọmọ mi láràárọ̀. Ọmọ náà kò tíì rìn, àyà wọn ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, òrí tó wà nínú àwo wọn tán, wọ́n wọ yàrá mi, wọ́n rí igbá náà lẹ́yìn àpótí, wọ́n sì bu nínú rẹ̀ kún àwo wọn. Nígbà tí mo dé, mo ṣí igbá mi, mo rí ojú ìka wọn. Ìka ọ̀tún wọn kan wọ́, ọmọ odó ló tẹ̀ ẹ́ nígbà èwe wọn, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè họ òrí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló yẹ kí n sáré lọ bá wọn. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ́ ojú òrí náà, ó dán, bí ẹni pé ọwọ́ kankan kò débẹ̀. Mo ní bóyá orúnkún wọn ni wọ́n fẹ́ fi pa. Mo dé igbá, mo lọ gbé àsáró kaná.

Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó sú wóróworo, ó wá bó, ọrùn rẹ̀ bó, abẹ́ apá rẹ̀ bó. Bí mo bá pọ̀n ọ́n, á máa ké. Ìyá rò pé ọyẹ́ ni, wọ́n ń fi òrí inú àwo náà pa á sí i. Ọjọ́ tí mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pa á ni mo gba àwo lọ́wọ́ wọn, mo ní ká gbé ọmọ lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Mo fẹ́ sọ ọ́ lójú ọ̀nà. Ẹnu mi kò gbé e.

Nọ́ọ̀sì bi wá léèrè ohun tí a fi ń pa ọmọ. Ìyá yára dáhùn pé òrí ni, pé àwọn fúnra àwọn ni àwọn ṣe é. Nọ́ọ̀sì wo ojú mi tó ti pọ́n pẹ́. Ó fún wa ní oògùn, ó ní ká jáwọ́ nínú ohunkóhun tí a fi ń pa á. Nígbà tí Ìyá jáde, ó fà mí sẹ́yìn, ó pe orúkọ oògùn tó wà nínú àwọn ìpara tuntun yẹn fún mi, haidirokuínóònù, ó ní awọ ọmọ ọwọ́ fẹ́lẹ́, gbogbo ohun tí a bá fi pa á ló ń wọ inú ara rẹ̀ lọ. Kò bú mi. Ì bá sì bú mi.

Ohun tí Ìyá gbọ́ ni pé òrí àwọn ló bó ọmọ. Wọ́n ní bóyá òjò pa kóró òrí náà kí àwọn tó sá a, wọ́n ní bóyá ogbó ti dé, ọwọ́ àwọn kò mọ òrí mọ́. Wọ́n da gbogbo èyí tó wà nínú ìkòkò nù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí àwọn oníbàárà wọn dé láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìyá fúnra wọn ló ní kí wọ́n má ra òrí lọ́wọ́ àwọn mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà, àwọn ìyálọ́mọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ìsọ̀ wọn kọjá láì wẹ̀yìn. Mo ń wo gbogbo èyí, Kíkẹ́, mo ń jẹun, mo ń ránṣọ.

Ohun tó là mí lẹ́nu ni pé wọn kò fọwọ́ kan Àmúdà mọ́. Bí ó bá nawọ́ sí wọn, wọ́n á ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró. Ọmọ á máa sunkún, àwọn náà á máa sunkún. N kò lè fara dà á mọ́. Mo lọ gbé igbá mi wá, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àtàǹpàkò tí mo fi tẹ́ ẹ. Mo ń retí ìgbájú. Wọ́n kàn di àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, “Ìyá Àmúdà, ta ló sọ fún ẹ pé ojú rẹ kò dára?”

Ọmọ wọn, ọkọ mi, ni mo fẹ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n mo wolẹ̀. Ìyá ló gbójú sókè, wọ́n sì rí kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ kejì, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri, Bàbá Àmúdà kò sì béèrè ibi tó wà.

Ìyá kò rán mi, ṣùgbọ́n mo lọ dúró níbi ìsọ̀ wọn, mo sọ fún ọjà pé òrí kò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo da ìpara sí i. Wọ́n pòṣé sí mi, wọ́n ní irú ìyá wo nìyí. Mo gbà á. Nírọ̀lẹ́, obìnrin méjì nínú àwọn tó pòṣé náà wá bá mi nílé. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ìpara yẹn, ṣé ó ṣì kù? A ò ní fi pa ọmọ.” Ọ̀kan nínú wọn lóyún.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, òwò wa yóò tà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. N kò dá ọ lẹ́bi. O ní kí n là á, o kò ní kí n fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n má fi páálí ránṣẹ́ o, mo bẹ̀ ọ́. Èyí tó kù lọ́wọ́ mi ti wà nínú ṣáláńgá. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á, bi í bóyá ọmọ ọwọ́ wà nílé rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa, kó má jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe wọ́n ní ibi. Kí ó bùkún ọjà rẹ ní ọ̀nà tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Kí ó sì jẹ́ ká fojú rinjú pẹ̀lú ayọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi ojúlówó ìfẹ́ kọ̀wé sí ọ,
Àdìjátù, Ìyá Àmúdà.

Mo tún rántí: Ara ọmọ ti ń jinná, dúdú rẹ̀ ti ń padà bọ̀. Ìyá sì ti ṣe òrí tuntun, ó dára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí wọ́n tó fi pa Àmúdà, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e wá bá. Wọ́n á ní, “Bá mi wò ó, ṣé kò ní í ṣe é ní nǹkan?” Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi gún mi ni. Rárá, ọwọ́ ara wọn ni wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Màá gbóòórùn rẹ̀, màá ní ó dára, Ìyá. Wọ́n á tún ní kí n wò ó dáadáa.