Irin Ìfọ̀ Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ìfọ̀, oṣù ààwẹ̀, 1958

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìṣẹ́yìn? Ara tèmi náà le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ìkọ̀wé yìí kò jọ tèmi. Mùsáfírù tí a jọ ń gbé yàrá ló ń bá mi kọ ọ́, ọwọ́ mi ń sinmi díẹ̀.

Oòrùn ọdún yìí mú o! Lọ́sàn-án, irin rélùwéè tí à ń tún ṣe máa ń gbóná débi pé àkísà tí a rẹ sómi la fi ń wé ọwọ́ ká tó dì í mú. Lọ́jọ́ Àlàmísì, mo tú àkísà tèmi kí n lè ṣe àlùwàlá. Bí mo ṣe dìde, òòyì kọ́ mi, mo sì fọwọ́ méjèèjì gbá irin mú kí n má baà ṣubú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lèmọ́mù ní kí n dá ààwẹ̀ dúró ná, màá san án bó bá yá. Mùsáfírù ló ń fi òkèlè sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀rín la fi ń rín!

Ẹ bá mi kí Hàfísátù ìyàwó mi. Ẹ ní mo ń bọ̀ wá ṣọdún, kó má wulẹ̀ wá síbí rárá.

Mùsáfírù ní kí n tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé kí ẹ lè mọ̀ pé èmi ni. Mo wo ìka mi, mo ní kó fi sílẹ̀, ìyá mi mọ ohùn mi.

Ọmọ yín,
Nọ́fíù