Lékèélékèé Inú Oṣù Kẹjọ

Ọláṣẹ̀hìndé, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ní ọdún kìíní, mo kọ ọ̀rọ̀ ìrántí rẹ, ẹkún ni mo fi kọ ọ́. Ní ọdún kejì, mi ò kọ nǹkan kan. Àwọn ará ìjọ bi mí, mo ní ara mi ni kò yá. Irọ́ ni. Inú ló ń bí mi sí ọ. Lónìí, mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí pé èmi àti ìwọ kì í kọ ohun tí a kò rí. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀?

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Moïse ọmọ rẹ ti parí ilé tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Ahougnansou. Ó ti kan òrùlé, ó ti kùn ún, ó sì ti gbin igi máńgòrò síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí o ṣe fẹ́. Àwọn ẹ̀gà ti gba igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, ariwo wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn kọjá aago mẹ́fà. Priscille ọmọ rẹ obìnrin ti kúrò ní Yamoussoukro, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Bouaké ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ewéko àti ẹranko. Ó ti bímọ! Obìnrin ni, iwájú orí rẹ ló gbé wá. Ṣọ́ọ̀bù ìwé rẹ kò tì. Èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀, tí mò ń ta kàyé tí wọ́n ń kọ̀wé sí àti sítílò tí wọ́n fi ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Gbogbo nǹkan ń lọ. Gbogbo nǹkan ń lọ, àbúrò mi, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó há mi lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹyẹ wa ni.

Àwọn ọmọdé inú ẹbí tó máa ka èyí kò bá wa níbẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n rán ọ létí lójú wọn.

Ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àjèjì kúrò ní Gánà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́. Orí àwọn àpò ẹrù ni wọ́n gbé wa lé nínú kàmíọ̀n tó gbé wa kúrò ní Kùmásì. O ń sunkún ṣáá. Ìyá wa náà ń sunkún. Bàbá wa kò mọ ẹni tí òun ì bá kọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́kún, ló bá ní kí èmi àti ìwọ máa ka ẹyẹ ojú ọ̀nà. Lékèélékèé ni a kọ́kọ́ rí, ọ̀wọ́ wọn funfun báláú lẹ́yìn àwọn màlúù. O gbàgbé ẹkún. Kò pẹ́ tí o fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹyẹ tí kò sí: o rí ẹyẹ olórí méjì, o rí ẹyẹ tó dé fìlà. Mo ní irọ́ ni, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lórí àpò. Bàbá wa là wá, ó ní, "Ẹyẹ tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá jọ rí, ẹ má kà á." Òfin yẹn ló bá wa wọ Bouaké.

Ilé ìwé míṣọ́n kọ́ wa ní ìwé kíkọ, àwa náà sọ òfin Bàbá di ìwé. Láti ọdún 1978, ọdún kọ̀ọ̀kan ní kàyé tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, a ó ṣí tuntun, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Orúkọ ẹyẹ, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí i lọ́dún náà, ibi tí a ti rí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń kọ ẹyẹ kan lọ́dún. Bí a tilẹ̀ rí i nígbà igba lẹ́yìn ìyẹn, a kò ní kọ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà méjì, Ọ fún Ọláṣẹ̀hìndé, F fún Fọláyẹmí. Láìsí lẹ́tà méjèèjì, ẹyẹ náà kò wọlé. Bí a bá sì ṣi ẹyẹ kan mọ̀, tí a fẹ́ pa á rẹ́, àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ jọ fa ìlà sí i.

Kàyé márùndínláàádọ́ta! Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín títí. Ṣé o rántí Agnes ní Brobo, ìyá tí oko iṣu rẹ̀ wà létí adágún omi tí a máa ń lọ? Bó bá ti rí wa lókèèrè, á fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí kígbe, "Ẹ̀yin Anago, ẹyẹ tí ẹ ò lè sè jẹ, kí lẹ ń wá a kiri fún?" Ìwọ náà á dá a lóhùn pé, "Màmá Agnes, orúkọ yín náà wà nínú ìwé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gà ni mo kọ yín sí, torí pé ẹ kì í dákẹ́." Á rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ á fi tú.

Mo sì tún rántí ọdún 2003. Ogun ti pín orílẹ̀-èdè sí méjì, a kò lè jáde nílé, inú ọgbà la ti kọ gbogbo ìwé ọdún náà. Ẹyẹ mọ́kànlélógún péré! Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, o gbọ́ ohùn àtíòro lẹ́yìn ògiri. Èmi náà gbọ́ ọ. Mo ní, kọ ọ́ kí ó di méjìlélógún. O mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn la gbọ́, a ò rí i." Wọ́n ń yìnbọn nígboro, ìwọ ń ṣọ́ òótọ́ nítorí ẹyẹ kan! Irú ènìyàn tí mo mọ̀ ọ́ sí nìyẹn. Òun náà ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọ egungun.

Ní ọdún tí o lọ, eékún mi kọ̀ fún mi. Nígbà tí ọdún Àjíǹde kọjá, mi ò lè rìn dé etí adágún mọ́. O ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi á lọ, màá wá ròyìn fún yín." Mo gbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti inú kàmíọ̀n ìjọsí, mo gbà kí ojú rẹ jẹ́ ojú mi. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Kàsímù ọ̀rẹ́ rẹ, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà, á wá fi alùpùpù gbé ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, o ó dé, o ó jókòó tì mí, o ó ṣí kàyé. O ó sọ bí ẹyẹ náà ṣe mu omi, bí ìrù rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, èmi náà á kọ F mi. Ó máa ń rẹ̀ ọ́, mo rò pé oòrùn ni. Ẹsẹ̀ rẹ wú, mo rò pé ìrìn ni. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o fún ọ! Mọ́kànlá ni ẹyẹ tí mo fọwọ́ sí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, o ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kẹrin, o ti lọ. Mo dúró níwájú ìjọ, mo ní ikú òjijì ni.

Lẹ́yìn ọdún kan, Priscille ní kí n kó àwọn kàyé náà fún òun. Ó fẹ́ dà wọ́n kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n lè mọ àwọn ẹyẹ tó wà ní Bouaké kí wọ́n tó bí wọn. Inú mi dùn. Mo gbé wọn sílẹ̀, mo nù wọ́n. Mo ṣí èyí tó gbẹ̀yìn, kí n kàn rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ. Mo kà á: Lékèélékèé. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ. Brobo. Ọ. F.

Mo tún un kà. Lékèélékèé nínú oṣù Kẹjọ! Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbé lékèélékèé wá sí ọ̀dọ̀ wa, tí òjò bá sì ti wọlé, wọ́n ti lọ. Mo ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn. Lékèélékèé ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù Kìíní, òun ni ẹyẹ kẹrin lọ́dún náà. Ìwọ tí kò kọ ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún rí!

Mo wọ takisí, mo lọ sí Brobo. Agnes ń kọ ebè. Mo bi í bí o ṣe rí ní àwọn Sátidé tí o dá nìkan wá. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò mí. "Àbúrò yín? Láti ìgbà Àjíǹde ni mi ò ti fojú kàn án kí ó tó kú. Mo rò pé ẹ ti rí adágún mìíràn ni, mo tiẹ̀ ń bá yín bínú." Mo jókòó sórí ebè iṣu rẹ̀. Kò sọ pé mò ń bà á jẹ́.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Kàsímù. Ó rí kàyé lọ́wọ́ mi, ó rọra gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó mú mi búra ni." Ilé ìwòsàn ló ń gbé ọ lọ ní gbogbo Sátidé. Kíndìnrín rẹ ti bàjẹ́. Wọ́n á so ọ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìwọ á sì mú sítílò, ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa wá ẹyẹ tí mo máa gbà gbọ́. Kàsímù ní nígbà kan òun dábàá ìdì, o sì rẹ́rìn-ín, o ní, "Rárá o, tó bá jẹ́ ìdì, ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n mú ìyẹ́ rẹ̀ wá. Jẹ́ ká mú ẹyẹ kékeré."

Ẹ jọ ń yan ẹyẹ fún mi! Bí ẹni ń yan ìṣeré fún ọmọ ọwọ́! Kàsímù ní o kò fẹ́ kí n sunkún ṣáájú ọjọ́. Ó ní o sọ pé mo ti sin bàbá, mo ti sin ìyá, mo ti sin ọkọ, pé kí n sinmi díẹ̀.

Ta ló bẹ̀ ọ́ ní ìsinmi? Ọláṣẹ̀hìndé, ta ló bẹ̀ ọ́? Eékún mi kò lè gbé mi dé adágún, ṣùgbọ́n ì bá gbé mi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ. Ǹ bá ti jókòó tì ọ́. Ǹ bá ti di ọwọ́ rẹ mú. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ikú fún wa láti fi dágbére, ìwọ sì gbà á lọ́wọ́ mi, o fi ẹyẹ mọ́kànlá dí i. O sì sọ mí di ẹlẹ́rìí èké, èmi tí a jọ kọ́ òfin mẹ́wàá sórí ní ilé ìwé míṣọ́n. Lẹ́tà mi wà níbẹ̀, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Fún bí ọdún méjì, mi ò lè kó àwọn kàyé náà fún Priscille. Ó ń béèrè, "Tàǹtí, ṣé ẹ ò tíì nù wọ́n tán ni?" Mẹ́rìnlélógójì mọ́ tónítóní. Èyí tó gbẹ̀yìn ńkọ́? Mi ò lè gbé irọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ pé kí ó fi kọ́ ọmọ. Mi ò sì lè dá pa ẹyẹ rẹ́, àwa méjèèjì la gbọ́dọ̀ jọ fa ìlà. Ìwọ kò sí. Mo tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Priscille. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Tàǹtí, kíndìnrín méjì ni mo ní." Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó jáde. Ọláṣẹ̀hìndé, èmi nìkan kọ́ ni o kò jẹ́ kí ó yan!

Àárọ̀ òní ni mo tó rí ọ̀nà. Ẹyẹ rẹ kì í ṣe tèmi láti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n F jẹ́ tèmi. Mo mú sítílò, mo fa ìlà sí F mi lára ẹyẹ àkọ́kọ́, mo fa ìlà sí ti èkejì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tó fi di mẹ́wàá. Ẹyẹ onílẹ́tà kan ṣoṣo kò wọlé, òfin Bàbá wa ni. Wọ́n ti jáde.

Nígbà tó kan lékèélékèé, ọwọ́ mi dúró.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kàsímù ti sọ fún mi pé o kò bá òun jíròrò lórí ìyẹn, pé o rán òun lọ ra omi ni, kí òun tó dé o ti kọ ọ́. Nígbà tí o délé, o kò ròyìn kankan. O ṣí kàyé, o na sítílò sí mi, o ń wo ojú mi. Ẹ̀pà ni mò ń pa. Mo kọ F mi, mo dá a padà. O ò tíì gbà á. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kà á?"

Mo ní, "Mo kà á."

Mi ò kà á.

Irọ́ tí mo lè rí ni o kọ, kí n lè bi ọ́, èmi ni mi ò wò ó. Nítorí náà, mo fi F yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Kí Priscille gbé ìwé náà bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá béèrè, kí ó sọ fún wọn pé àwọn àgbàlagbà méjì ló ṣe é.

Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí Sátidé kan tí mi ò ní gbọ́ ìró alùpùpù lójú ọ̀nà kí n má gbé orí sókè. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, àbúrò mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ tìbínú-tìbínú.

Ọ̀wọ́ lékèélékèé kọjá lókè ilé Moïse láàárọ̀ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Mo kà wọ́n, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Mi ò kọ wọ́n síbì kankan. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, Fọláyẹmí, pẹ̀lú Moïse, Priscille àti ọmọ tí kò mọ̀ ọ́.