Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn sí Ìdílé Bàbá Atẹ́gùn, Ẹni Tó Ń Kà Dé Àádọ́rùn-ún

Ẹ̀yin Màmá wa, ẹ̀yin ọmọ àti ẹbí olóògbé,

Ìbànújẹ́ dorí gbogbo wa kodò bí a ti jókòó láti kọ̀wé sí yín lórí ikú ọkọ yín, bàbá yín, tó tún jẹ́ ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ àṣíborí, ẹni tí gbogbo ilé iṣẹ́ yìí mọ̀ sí Bàbá Atẹ́gùn. A mọ̀ pé ìwé kan ti wà lọ́wọ́ yín láti ọ̀dọ̀ wa ṣáájú èyí, ìwé tó pe èèyàn iyì ní aláfojúdi. Ìwé yẹn ni a fẹ́ gbà padà. A kò sì lè gbà á padà láìsọ bó ṣe jáde, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ wa bá gùn.

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ apá kìíní eré orí tẹlifíṣàn wa ni olóògbé ti wà pẹ̀lú wa. Ìtàn àwọn èèyàn ọjọ́ iwájú tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú wá ilé tuntun láàárín àwọn ìràwọ̀ ni eré náà. Ẹni tó ń wo eré náà nílé máa ń rí ojú ọ̀run tó lọ salalu. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni ògiri pákó tí wọ́n kùn ní dúdú, iná gbígbóná mẹ́rìnlá lókè, wáyà tó gba gbogbo ilẹ̀ kan, àti àwọn òṣèré tí wọ́n ń làágùn nínú aṣọ tó nípọn bíi tìmùtìmù. Fáànù àti rédíò ni bàbá ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. A pè é pé kó wá wo fáànù ọ́fíìsì wa. Ó ń kọjá lọ ló rí òṣèré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ àṣíborí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì béèrè pé, "Ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú nǹkan yìí?" Kò sẹ́ni tó ti rò ó rí nínú wa. Fáànù ọ́fíìsì kò tíì ṣe títí dòní, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni bàbá ti di tiwa.

Àwọn fáànù kéékèèké tó wà nínú ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ló tú jáde, ó fi méjì-méjì sí ọrùn àṣíborí kọ̀ọ̀kan níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí wọn, ó so wáyà gígùn mọ́ wọn, ó sì fi bọ́tìnnì sí ìdí wáyà náà. Wàhálà kan ló kù. Fáànù ń kùn, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn òṣèré sílẹ̀ sì ń gbọ́ ọ. Agbohùnsílẹ̀ wa, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, fárígá. Ni àwọn méjèèjì bá fẹnu kò pé bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n pa fáànù, ṣùgbọ́n bí àkókò bá ti tó, kí wọ́n tàn án, ì báà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu òṣèré. Àkókò wo ló tó? Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ ìdáhùn yẹn jù wá lọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa bó ṣe gbé àṣíborí wálé lọ́jọ́ Sátidé kan, tó jókòó sí pálọ̀, tó ní kí àbíkẹ́yìn yín máa wo aago, tí ẹ̀yin sì bú sẹ́rìn-ín pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé inú òṣùpá lẹ fẹ́ kó wa lọ ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló dé e. Nígbà tó bá kà dé àádọ́jọ, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó wá yọ ọgọ́ta kúrò nítorí ẹni tó bá ń sáré tàbí tó bá ń sunkún, ó ku àádọ́rùn-ún.

Àádọ́rùn-ún di òfin. Orí korobá ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni ó máa ń jókòó sí lẹ́bàá kámẹ́rà, ètè rẹ̀ á máa mì. Kí wọ́n tó ti dígí iwájú àṣíborí, á kọ́kọ́ wo ojú òṣèré, á ní, "Ṣé kò sí?" Bí onítọ̀hún kò bá dáhùn, dígí kò ní tì. Òṣèré kan tilẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ikú bá wá bá òun nínú àṣíborí, á ní láti dúró kí Bàbá kà tán. Odindi apá méjì la fi ṣe eré yìí, kò sẹ́ni tó dákú. Àwa sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, a kò mọ̀ pé ẹnìkan ló ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, lórí ìran tó kẹ́yìn apá kẹta. Obìnrin tó ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú ń dágbére fún ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ kan tí wọn kò ní rí mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án tí wọ́n máa yà á nìyẹn, omijé tí wọ́n ti ń retí láti àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Olùdarí eré ti kìlọ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá ń kà. Ó mọ̀ pé ìran náà dára, omi lé ròrò sí ojú òun náà. Ó sì mọ ohun tí yóò dé bá òun bí òun bá bà á jẹ́, nítorí ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó wo olùdarí. Ó dé àádọ́rùn-ún, ó tẹ bọ́tìnnì. Olùdarí ju fìlà mọ́lẹ̀.

"Ta ló tan nǹkan yẹn?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ṣé mi ò sọ pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án ni?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kà á pé."

Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ìwé ìdádúró ọlọ́sẹ̀ méjì ti jáde. Ìwé náà ní bàbá ṣe àfojúdi, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n tún lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, níbi tí kò sẹ́ni tí kò ní gbà kọjá. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí dúró níwájú pátákó, ó ka ẹ̀sùn ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú tì í, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó fa bọ́tìnnì lé aránṣọ wa lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ máa fi ètè kà á, kí ariwo wọn má bàa da ọkàn yín rú." Alámòójútó iṣẹ́ ló fọwọ́ sí ìwé ìdádúró yẹn, òun ló sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Òun náà ló ń kọ lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, a tún ìran náà yà. Aránṣọ kà á, ó sì kà á pé. Ṣùgbọ́n ó ti gba iwájú pátákó ìkéde kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ẹ̀rù kò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́. Òṣèrébìnrin náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àwa rò pé eré ló ń ṣe, olùdarí tilẹ̀ ń mi orí pé ó dáa. Ìgbà tó ṣubú gbì la tó mọ̀. Ooru ẹnu rẹ̀ ti sọ dígí di funfun báláú, a kò rí ojú rẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mẹ́fà ló jùmọ̀ ń fa ìdè ọrùn aṣọ náà. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Dókítà ní bó bá tún fi díẹ̀ pẹ́ sí i, ohun mìíràn là bá máa wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí aránṣọ. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ pátákó ló dì í lọ́wọ́ mú.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí olùdarí fúnra rẹ̀ fi já ìwé náà kúrò lára pátákó, tó sì sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Bàbá yẹn ló tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì í ṣe." Agbohùnsílẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá a nílé báyìí." Alámòójútó ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ná, kí wọ́n wá lọ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú ìwé tó pè é padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ̀yẹ lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yẹ ló pè é. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá tẹ̀ ba rédíò aládùúgbò kan tó ń tún ṣe, àyà dùn ún, kò sì dìde mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa mẹ́rin mú ìwé náà dání nínú àpò ìwé funfun, a sì kan àga tí wọ́n tò síwájú ilé yín. Àbámọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Òwe yẹn wà lẹ́nu wa láti kékeré, a kò mọ̀ pé àwa ló ń dúró dè.

Ẹ gba ìwé náà, ẹ kà á, ẹ kò sì lé wa, Màmá. Ẹ kàn béèrè pé, "Ṣé ẹnìkan nínú yín sọ fún un pé òun ló tọ̀nà kó tó lọ?" Gbogbo wa wolẹ̀. A ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, a sì yí ẹ̀yìn padà. Ìwà ojo ni.

Ìwé ìdádúró náà ti di òfo. A ti kọ ọ́ sínú fáìlì olóògbé pé ilé iṣẹ́ ló jẹ̀bi, a sì ti kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ lórí ìdúró. Láti òní lọ, ẹni tó bá di bọ́tìnnì mú ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí a bá ti ń ya eré, olùdarí pàápàá kò gbọdọ̀ dá a lẹ́kun. Ẹ̀kọ́ àbíkẹ́yìn yín ti di ẹrù wa títí yóò fi parí rẹ̀, ohun tó tọ́ sí bàbá yóò sì dé ọwọ́ yín láìdín. Ìran ìdágbére náà kò ní jáde. Apá kẹta yóò parí láìsí i.

Ṣùgbọ́n ìlérí kọ́ lẹ bi wá. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àkọ́bí yín sọ fún agbohùnsílẹ̀ pé ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fà tí bàbá fi wà nílé, ṣe ló ń gbé fóònù rẹ̀ kiri, tó ń gbé e wọ balùwẹ̀ pàápàá, tó ń sọ pé, "Wọn á pè mí. Èèyàn dáadáa ni wọ́n." Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù gbogbo wa. Láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, olúkúlùkù wa rò pé ẹnìkejì ti pè é. Rárá, Màmá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Kí Ọlọ́run tó mọ bí ilé ṣe ń rí lẹ́yìn tí ohùn kan bá dákẹ́ nínú rẹ̀ sún mọ́ yín. Kó rẹ̀ yín lẹ́kún, kó ṣe ọkọ fún Màmá, kó ṣe bàbá fún àwọn ọmọ, kó má sì jẹ́ kí oorun jìnnà sí ojú yín. Ẹ̀yin nìkan ni a gba àdúrà yìí fún. A kò fi ara wa kún un.

Alámòójútó Iṣẹ́,
ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ eré náà.